Gèlè Màámi Lára Ìṣó

Ẹnu mi kì í dákẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti ń dákẹ́ báyìí. Ní ọjà Kétu tí Màámi ti ń ta tòmátò lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ mi tó lè bá mi ṣe gbólóhùn asọ̀ kó sì borí. Wọ́n á sọ ọ̀kan, màá sọ méje. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí mo ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ eré orí ìtàgé ni mo fẹ́ lọ. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi Màámi bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní sátífíkéètì nítorí ariwo. Màámi ní bí òun náà ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Àwọn ọdún tó kángun sí 1980 ni mò ń sọ. Kétu ò tíì kún tó báyìí. Téèyàn bá ti kúrò létí títì Ìkòròdú, ẹrọ̀fọ̀ àti igbó ló kù lápá ọ̀hún. Bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tírì. Èmi nìkan ni Màámi bí, yàrá kan àti pálọ̀ nínú ilé tí bàbá mi kọ́ ló sì ṣẹ́kù fún àwa méjèèjì. Àwọn yàrá yòókù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń gba owó wọn lọ́wọ́ àwọn àyálégbé. Ìṣẹ̀rì Olówòrá ni bàbá yìí ń gbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ilé wà, ọwọ́ rẹ̀ ni àwa náà wà. Bó bá wá, Màámi á kúnlẹ̀ kí i, á sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí bàbá á fi sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ tán. Orúnkún ọ̀tún Màámi ò sì dáa, láti ọjọ́ tó ti gbé apẹ̀rẹ̀ ṣubú sí gọ́tà. Mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ fún bàbá yẹn pé rárá.

Bàbá ọ̀hún kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló rán mi nílé-ìwé títí mo fi gba ìwé mẹ́wàá, kò sì fi ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbàwé tán báyìí, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ta símẹ́ńtì ní Ọ̀jọ́ta ń wá ìyàwó kẹta. Mo ní ilé-ìwé ni mò ń lọ. Ó wò mí, ó wo Màámi tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Kò burú. Bí ilé-ìwé bá gbà ọ́ kí Iléyá tó dé, máa lọ. Bí wọn ò bá gbà ọ́, lẹ́yìn Iléyá, a ó so yìgì." Màámi ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ẹ gbọ́ o, ẹ ṣé. Inú bí mi débi pé mi ò bá Màámi jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo mọ onísímẹ́ńtì yẹn. Eruku funfun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì rí mi, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí, ṣé mo mọ ẹ̀bà tẹ̀ kó le dáadáa. Èmi tí mo ti ṣe olorì nínú eré ìparí ọdún nílé-ìwé wa, tí gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́ nígbà tí mo la ẹnu. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ọ̀hún ti mú mi. Bí mo bá ń ṣa tòmátò tó ti bàjẹ́ sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ olorì yẹn ni mò ń sọ sí wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ ju pé mo rò pé tí mi ò bá rí i ṣe, màá kú. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo sì gbà á gbọ́.

Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́, wọ́n pè mí. Yunifásítì kan ni, lókè lọ́hùn-ún, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní ọ́díṣọ̀n. Èèyàn á dúró níwájú àwọn olùkọ́, á ṣeré díẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó lè ṣe é. Mo wọ mọ́tò ìdájí ní Ọ̀jọ́ta, nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá mo ti dúró níwájú wọn. Àwọn méjì ni wọ́n, aunty kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, àti bàbá àgbà kan tó dé fìlà aláró, tí irun rẹ̀ funfun báláú. Mo sọ ọ̀rọ̀ olorì mi. Aunty yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan. Lọ́kàn mi, mo ní ó ti bọ́ sí i.

Bàbá náà wá dìde. Ó ní, "Ó dáa. Ní báyìí, ìwọ ni ìyálé ilé ńlá kan. Èmi ni ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ. Mo jí ẹran nínú ọbẹ̀, ọwọ́ ẹ sì tẹ̀ mí. Bá mi wí." Ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún èmi náà ti wà nílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde. Ẹ dákun, sà." Mo tilẹ̀ di apá rẹ̀ mú, mo ń gbé e. Aunty yẹn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní ká tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mò ń wò, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ má bínú sà, ẹran tẹ́ ẹ mú yẹn, kò dáa." Lẹ́ẹ̀kẹta, omi ló bọ́ lójú mi. Èmi ẹlẹ́nu mímú Kétu. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi nìkan ni mo lè bú. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí àgbà bá wà nílẹ̀, ọmọdé ò gbọdọ̀ dúró lé e lórí.

Bàbá náà dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n kọ́ ẹ nílé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyálé tí mo ní kó wá, kò wá. Ìwọ nìkan ni mo rí." Ó ní mo kù díẹ̀ káàtó. Ó ní àwọn máa pe àwọn tó kù díẹ̀ káàtó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré, lẹ́yìn ìyẹn ó di ọdún tó ń bọ̀. Nínú mọ́tò, mo fi ìka ka ọjọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn bá pé, á ku ọjọ́ mọ́kànlá péré sí Iléyá. Mo sunkún láti ibẹ̀ dé Ọ̀jọ́ta.

Mi ò sọ bó ṣe jẹ́ fún Màámi. Mo kàn ní wọ́n ní kí n padà wá. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara mi. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo kalẹ̀, mo bú u. Mo bú dígí. Mo bú ewúrẹ́ àyálégbé wa, ewúrẹ́ ń jẹ ewé ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó ní irun funfun nínú wọn, kò sí èyí tó lè dẹ́rù bà mí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mi ò tíì rí ibi tí mo ń lọ, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, mo wá ṣe ohun tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ.

Alábàárù kan wà lọ́jà wa, bàbá àgbàlagbà tó máa ń fi orí ru apẹ̀rẹ̀ láti ìdí lọ́rì wá sí ìsọ̀. Ó ju Màámi lọ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń sọ apẹ̀rẹ̀ wa kalẹ̀, tòmátò mẹ́ta yí bọ́ sílẹ̀. Mo ní àyè ẹ̀ rèé. Mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí, mo ní, "Ìwọ, ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Arúgbó lásánlàsàn. Àbí wọ́n rán ẹ sí wa ni?" Ó jáde dáadáa, ohùn olorì gan-an ni. Bàbá yẹn bẹ̀rẹ̀, ó ṣa tòmátò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi etí aṣọ ara rẹ̀ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n padà. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Èmi ló pè ní Ìyá.

Màámi gbá mi létí níwájú gbogbo ìsọ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí n bẹ bàbá. Mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní ó ti tán, ọmọdé ni mí. Màámi fà mí délé, ó ní ọ̀rọ̀ mi yìí kì í ṣe ojú lásán, kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀, bàbá onírun funfun, ìkúnlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tí mi ò lè ṣe é. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Nítorí pé ọmọ mi ò lè bú àgbà ni wọn ò ṣe gbà á. Irú ilé-ìwé wo nìyẹn?" Mo ní kì í ṣe pé èèyàn ń bú àgbà, eré ni. Ó ní, "Alábàárù yẹn ńkọ́, ṣé ó mọ̀ pé eré lò ń bá òun ṣe?" Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó ju ìyẹn lọ lórí iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò rí ìtàgé rí ló sì bi mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, onísímẹ́ńtì fi àgbò ránṣẹ́. Àṣà wa ni. Ọkọ àfẹ́sọ́nà á fi àgbò Iléyá ránṣẹ́ sílé ìyàwó, bí wọ́n bá ti pa á lọ́jọ́ ọdún, tí ẹbí jẹ níbẹ̀, wọ́n ti fọmọ fún un nìyẹn, yìgì nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fà á wá, ó so ó mọ́ òpó iwájú ilé. Àgbò ńlá ni, ìwo rẹ̀ ká. Màámi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Mo wọ yàrá lọ, mo fi ìrọ̀rí bo orí. Àgbò ń ké níta. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń ké, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n máa já ewé fún un.

Nígbà tó ku ọ̀la tí mo máa padà lọ, Màámi tètè ti ọjà dé. Ó kírun alásárì, ó ká ẹní, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó ní kí n wá dúró sáàárín ilé. Mo rò pé ó tún fẹ́ gbá mi létí ni. Ó tú gèlè orí rẹ̀, gèlè àdìrẹ kan tó ti ń ṣá, tí mi ò rí i kó jáde rí láìwé e, ó fi kọ́ ìṣó tí bàbá mi máa ń fi fìlà kọ́ nígbà ayé rẹ̀. Irun Màámi ti funfun níwájú. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Wo gèlè yẹn. Ìyá ẹ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ yòówù kó o sọ nínú ilé yìí lónìí, ìyá ẹ ti dárí ẹ̀ jì ẹ́ kó o tó sọ ọ́. Kò ní jà ọ́." Ó wá di àga mú, ó rọra tẹ orúnkún òsì sílẹ̀, ó tẹ ọ̀tún náà, ojú rẹ̀ fún pọ̀ nítorí ìrora. Ó ní, "Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ ni. Ó jí ẹran. Má gbé mi dìde o. Tó o bá gbé mi dìde kó o tó parí ẹ̀, o ti di ìyàwó onísímẹ́ńtì nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tó kúnlẹ̀ bí mi ló kúnlẹ̀ fún mi yìí, lórí ilẹ̀ lásán, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mo gbójú sókè wo gèlè, mo wò ó pẹ́. Nígbà tí mo máa padà wo ilẹ̀, obìnrin kan tí mi ò mọ̀, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ló wà níbẹ̀.

Orí ẹran ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ lo jẹ ẹran mi?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ebi ló pa mí." Mo pè é ní olè. Mo pè é ní ọ̀lẹ, ọ̀kánjúwà. Ohùn mi ń gòkè sí i, mi ò sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹran. Mo kàn gbọ́ tí mò ń sọ pé, "Ojú ẹ ni wọ́n ṣe so àgbò mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ojú ẹ ni wọ́n ṣe ń fi mí tọrẹ. O la ẹnu ẹ, ẹ ṣé lo sọ. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹ ni?"

Obìnrin tó wà nílẹ̀ ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Wọ́n lè ní ká kó jáde, èmi ò sì níbi tí mo lè gbé ọmọ mi lọ."

Omi ń bọ́ lójú mi, ọwọ́ mi wà ní ìbàdí. Gbogbo ara mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n má gbé e. Mo ní, "Ó tó. Dìde níwájú mi." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti ṣe é dópin.

Kò lè dìde fúnra rẹ̀. Mo gbé e, mo fi òrí ra orúnkún fún un. Ó ní kí n mú gèlè òun wá, ó wé e, ó bi mí kí la fẹ́ jẹ. Títí ó fi kú, a ò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí obìnrin yẹn wí.

Bàbá onírun funfun dá mi mọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ṣé ìyálé tẹ̀lé ẹ wá lọ́tẹ̀ yìí?" Mo ní ó wá, sà. Ó ṣí fìlà, ó ń wo ibi tó máa fi sí. Mo ní, "Ẹ gbé e fún mi, sà." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo fi kọ́ igun fèrèsé. Mo wò ó dáadáa. Lọ́kàn mi, mo ní, Bàbá, ẹ bá mi dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo wá yíjú sí ẹni tó kúnlẹ̀. Mi ò rántí gbogbo ohun tí mo sọ. Mo rántí pé aunty yẹn gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀, kò kọ nǹkan kan mọ́. Mo rántí pé bàbá ní, "Ó tó," mo sì tún fi gbólóhùn kan lé e kí n tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo lọ gbé fìlà rẹ̀ wá, mo kúnlẹ̀ fi fún un. Ó ní kí n máa retí lẹ́tà.

Ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ẹ̀ mọ́. Àpótí lẹ́tà ilé-ìwé mi àtijọ́ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, lójoojúmọ́ ni mo sì ń fẹsẹ̀ rìn gba apá Alápẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀, akọ̀wé wọn á kàn mi orí. Màá délé, màá bá àgbò, màá já ewé fún un. Ó ń sanra. Lọ́jọ́ Àràfà, tí ọdún ku ọ̀la, akọ̀wé náà ò mi orí. Ó na àpò ìwé sí mi. Ojú ọ̀nà ni mo ti ya á, mo sáré délé. Màámi ò mọ̀wé, mo kà á fún un lédè òyìnbó, mo tún un kà ní Yorùbá. Wọ́n ti gbà mí. Ó ní kí n tún un kà.

Lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, bí mo ṣe ń kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé, ó wá wo àgbò. Màámi kúnlẹ̀ kí i. Mo fi lẹ́tà hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tojútẹ̀yìn, ó ní, "Ilé-ìwé ni mo sọ, mi ò sọ eré. Ṣé nítorí eré ni màá fi dá àgbò ẹni ẹlẹ́ni padà? Ìyàwó, bá ọmọ ẹ sọ̀rọ̀." Mo wo Màámi. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo sì ti ń gbọ́ ọ létí mi kó tó la ẹnu.

Kò sọ ọ́. Ó di ògiri mú, ó dìde, ó wọ pálọ̀ lọ. Mo rò pé ó lọ sunkún ni. Ó jáde padà, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí gèlè lára ìṣó. Ó kọjá lára wa, ó tú okùn àgbò lára òpó, ó fi í sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin lẹ ní bí ilé-ìwé bá gbà á, kó máa lọ. Wọ́n ti gbà á."

Bàbá ní, "Lórí ìdúró lo ti ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Màámi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá ní, "Ṣé o mọ ẹni tó ni ilé tó ò ń gbé?"

Màámi ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ni."

Bàbá fa àgbò lọ. Kí n tó pé ọdún kan nílé-ìwé, ó ti gba yàrá àti pálọ̀ lọ́wọ́ Màámi, Màámi sì ti lọ gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wo bàbá àti àgbò, àgbò ò fẹ́ rìn, bàbá ń fà á, títí wọ́n fi yà sójú títì. Bí a ò ṣe rí wọn mọ́, Màámi fi ọwọ́ méjèèjì di òpó mú. Ó ní, "Bá mi mú gèlè mi wá kíá. Ẹ̀rù ti ń bà mí."